Áàpù ní òun á yá mi ní 50,000, èlé 1% lójúmọ́. Ṣé kí n gbà á?

Télọ̀_Takie
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ọ́yọ̀ọ́. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Takie. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mọ́tò ẹ̀rọ tí mo fi ń wíìpù etí aṣọ jó, èéfín kàn ń jáde lábẹ́ ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ aṣọ ẹbí 14 wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó lópin oṣù yìí. Ẹni tó ń tún un ṣe ní 45,000 lòun máa gbà, mọ́tò àti iṣẹ́ ọwọ́ òun. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò ju 2,000 lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n lọ gba lóònù lórí áàpù, ó ní kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ, kò sí onídùúró, kò sí pé à ń wá fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kiri. Mo ti dá áàpù náà sílẹ̀ sórí fóònù, mo ti fi BVN mi sí i, ó sì ti gbé e jáde pé àwọn á yá mi ní 50,000 fún ọjọ́ 14, èlé 1% lójúmọ́. Mo ní ṣé 1% péré ni, ṣebí báńkì gan-an ń gba nǹkan bíi 30%. Ó ku kí n tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà ni ọkàn mi sọ pé kí n kọ́kọ́ bi yín. Ṣé kí n gbà á?

Ọmọ_UnderG
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Èló ló máa wọ ákáǹtì yín gan-an? Ẹ má wo èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè yẹn, ẹ fọwọ́ yí i lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí.

Télọ̀_Takie
Mo ti yí i débẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: owó tí ẹ yá 50,000. Owó ìṣètò 7,500. Owó tó máa wọ ákáǹtì 42,500. Owó tí ẹ máa san padà 57,000. Mi ò rí gbogbo eléyìí tẹ́lẹ̀ rárá, àwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ ọ́ sára funfun, àfìgbà tí mo gbé fóònù jáde síta oòrùn. 42,500 yìí, tí mo bá fi 2,000 ọwọ́ mi kún un, kò tiẹ̀ tó owó mọ́tò, ó ku 500!

Ọmọ_UnderG
Ẹ rí i báyìí. Ẹ mú bírò ká jọ ṣírò ẹ̀. Owó tó wọ ọwọ́ yín 42,500, owó tó máa jáde lọ́wọ́ yín 57,000, ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó ku 14,500. Iye tẹ́ ẹ máa san nìyẹn torí pé ẹ lo owó olówó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wá gbé 14,500 yẹn sórí 42,500, ẹ má gbé e sórí 50,000 o, torí 50,000 ò dé ọwọ́ yín rí, á fún yín ní 34 nínú 100. Fún ọjọ́ 14 péré. Ọjọ́ 14 bẹ́ẹ̀, ó tó ọ̀nà 26 tó wà nínú ọdún kan, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wé èlé báńkì, nǹkan bíi 890 nínú 100 lọ́dún ni. 30 tí báńkì ń gbà tẹ́ ẹ sọ yẹn, ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń gbà á. Tí báńkì bá yá yín ní 42,500 yìí kan náà fún ọjọ́ 14 lórí 30 lọ́dún, èlé ẹ̀ ò ní pé 500 náírà. Ẹ fi 500 sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi 14,500 sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

1% yẹn nìkan gan-an, ká má tiẹ̀ ka owó ìṣètò mọ́ ọn, 365 nínú 100 ni lọ́dún. CBN, báńkì àpapọ̀ ìjọba, nígbà tí wọ́n dín èlé tiwọn tó ń darí ti báńkì yòókù kù ní oṣù kẹsàn-án 2025, láti 27.5 ni wọ́n ti mú un wá sí 27, lọ́dún sì ni. Àwọn tó ṣe áàpù mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa rí 1 àti 30, a ò ní rí "lójúmọ́" àti "lọ́dún".

Télọ̀_Takie
890 kẹ̀! Ọwọ́ mi ń gbọ̀n níbi tí mo jókòó sí yìí.

Ọlọ́kadà_Sábó
Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti ń san irú owó yìí tipẹ́ o, a ò kàn ṣírò ẹ̀ ni. Tí káàdì bá tán lórí fóònù wa tá a ní kí wọ́n yá wa ní 1,000, ṣebí 850 ni wọ́n máa ń fún wa, tá a bá wá ra káàdì wọ́n á yọ odidi 1,000. 150 lórí 850, ó sì lè má ju ọ̀la lọ tá a máa san án. Èmi máa ń yá a lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ ò rí i pé 450 ti lọ. Látòní lọ mo máa ń ra káàdì mi láàárọ̀ kí n tó gbé ọ̀kadà jáde.

Tísà_Akẹ̀sán
Àbúrò mi télọ̀, Ọ̀yọ́ ni mo wà, iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe, mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ ka èyí torí mi ò tíì sọ ọ́ fún èèyàn púpọ̀. Lọ́dún tó kọjá mo yá 40,000 lórí áàpù kan, mi ò ní dárúkọ wọn, 34,000 ló wọ ọwọ́ mi, ọjọ́ 14 ni wọ́n fún mi. Mo rò pé owó oṣù á ti wọlé. Owó oṣù pẹ́. Ọjọ́ pé, mi ò rí odidi owó san, wọ́n wá ní tí mo bá san 8,000, àwọn á sún un síwájú fún ọjọ́ 14 míì. Lójú mi àánú ni wọ́n ṣe mí nígbà yẹn, mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pè mí. Mo san 8,000. Ọjọ́ 14 tún pé, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tún dé, mo tún san 8,000. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo san án bẹ́ẹ̀. 48,000 ni. Lọ́jọ́ tí mo jókòó tí mo ṣírò ẹ̀ sínú ìwé tí mo fi ń múra iṣẹ́ sílẹ̀, mo rí i pé mo ti san ju iye tí mo yá lọ, gbèsè ọ̀hún sì wà bó ṣe wà, náírà kan ò dín níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀keje ni mi ò rí 8,000 náà san. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n pe ọ̀gá ilé ìwé wa, wọ́n pe kápẹ́ńtà tó ṣe ilẹ̀kùn fún mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí àwọn tá a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni mí, kí wọ́n bá àwọn wá mi. Àkẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ti jáde náà rí i gbà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ìyá mi ló ta ewúrẹ́ méjì ká tó fi san án tán.

Ọmọ_UnderG
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.

Bàbá_Arówómọlẹ̀
Ọmọ mi tísà, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fi òmíì rọ́pò. Ìwọ télọ̀, mo kí ẹ. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ọ̀rọ̀ 8,000 yẹn mú mi rántí ohun tí bàbá mi sọ fún mi nípa ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, tí ìsìnkú bá bá èèyàn tàbí tí ọ̀ràn kan bá dé tó fi yá owó, ó lè lọ ṣe ìwọ̀fà fún olówó, tàbí kó fi ọmọ ẹ̀ ṣe é. Tílẹ̀ bá ti mọ́, oko olówó ni ìwọ̀fà á kọ́kọ́ gbà lọ, á kọ ebè dé iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí kó tó lọ sóko ara ẹ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Gbogbo ebè yẹn, èlé ni. Kò dín kọ́bọ̀ kan nínú owó tó yá. Ọjọ́ tó bá gbé odidi owó yẹn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló tó bọ́. 8,000 tí tísà ń san lọ́jọ́ mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá, ebè ló ń kọ.

Àwọn tó ń pe èèyàn kiri yẹn náà kì í ṣe tuntun. Olówó máa ń rán ológò lọ dógò ti ajigbèsè. Ológò á dé agbo ilé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, adìẹ tó bá rí á pa á, ì báà má jẹ́ ti ajigbèsè, títí ìyà fi máa jẹ gbogbo ará ilé tí àwọn fúnra wọn á ní kó lọ wá owó san. Kápẹ́ńtà tí wọ́n pè yẹn, adìẹ aládùúgbò ni wọ́n pa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ni ológò fi ń rìn, agbo ilé kan ló sì lè dé lọ́jọ́ kan.

Àwọn tó ń yáni lówó sọ́gùndogójì lọ́jà ńkọ́, ṣebí orúkọ wọn ti sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ń sọ ogún di ogójì. Èyí tí mo mọ̀ ní tiwa níbí máa ń gba 10 náírà lórí 100 lóṣù kan. Ọmọ ọmọ mi ṣírò ẹ̀ fún mi lórí fóònù báyìí, 100,000, tí wọn ò bá san nǹkan kan tí wọ́n ń da èlé mọ́ owó lóṣooṣù, á lé ní 313,000 kí ọdún tó yí po. Bẹ́ẹ̀ ti áàpù le ju ti sọ́gùndogójì lọ fíìfíì.

Télọ̀_Takie
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ebè yẹn fún àwọn ọmọṣẹ́ mi.

Ìyá_Gààrí
Télọ̀ mi, áàpù yẹn, pa á rẹ́. Ohun tí èmi fẹ́ sọ ni ti gbọ́múlélántà, àwọn tó ń kó àwa obìnrin jọ yá lówó, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa tó sọ fún ẹ pé kó o lọ síbẹ̀, pé tiwọn dáa. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwa obìnrin 20 la máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oníkáàdì á dé lórí ọ̀kadà, a ò ní lè dìde àfi tí owó gbogbo wa bá pé, tí ẹnì kan ò bá wá àwa yòókù la máa dá a san, mo ti gbé gààrí mi tó yẹ kí n tà lọ́jọ́ ọjà sílẹ̀ rí torí pé ẹnì kan sá lọ sí Ìlọrin. Wọ́n yá mi ní 100,000, wọ́n ní kí n máa san 5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, ìyẹn 120,000. Lójú mi 20 lórí 100 ni fún oṣù mẹ́fà, mo ní kò burú. Àmọ́ kí wọ́n tó fún mi, wọ́n yọ 3,000 fún fọ́ọ̀mù àti ìnṣọ́ránsì, wọ́n yọ 10,000 pé àwọn á fi pamọ́ fún mi, wọ́n á dá a padà tí mo bá san tán. Ẹ bá mi bi ọmọ UnderG yẹn, èló gan-an ni mo ń san?

Ọmọ_UnderG
Mọ̀mọ́, mo ti gbé e sínú Excel. Ibi tó ti yí yín lójú ni pé kì í ṣe 100,000 lẹ fi ń ṣòwò fún oṣù mẹ́fà. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ ti ń dá a padà. Nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 12, ìdajì ẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín, àmọ́ èlé tẹ́ ẹ ń san ṣì dà bí ẹni pé odidi 100,000 wà lọ́dọ̀ yín. Tí a bá ṣírò ẹ̀ lórí owó tó wà lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 79 nínú 100 lọ́dún. Tí a bá wá ka 13,000 tí wọ́n kọ́kọ́ yọ mọ́ ọn, torí pé 87,000 lẹ gbé lọ sílé, tá a sì fi 10,000 tí wọ́n dá padà nígbẹ̀yìn sí i, ó lé ní 110 lọ́dún.

Ìyá_Gààrí
110. Mo sì ń sọ fáwọn èèyàn pé 20 ni. Ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kó o jáde ìwé láyọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà kó má di pé mo ba tiwọn jẹ́: gààrí máa ń wọlé fún mi lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, 5,000 yẹn ò ṣòro fún mi, mo sì fi owó wọn ra ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Àmọ́ ẹni tí owó ẹ̀ kì í wọlé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kó má sún mọ́ ọn.

Ìyá_Ìbejì
Èmi máa sọ tèmi o, kẹ́ ẹ má bínú sí mi. Mo ti gba lóònù áàpù rí, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Aago kan òru ni, ọmọ mi ń gbọ̀n, wọ́n ní ní ọsibítù ká san 30,000 kí wọ́n tó gbé e sí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìlọrin, báńkì wo ló máa ṣí lóru? Ìṣẹ́jú 5 lóòótọ́. Mo mọ̀ pé ó wọ́n. Àmọ́ mo mọ̀ pé ìgbà tèmi láti kó èsúsú lọ́jọ́ Sátidé, ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo kó o, mo san án lọ́jọ́ náà, mo pa áàpù rẹ́. Ọmọ mi wà láàyè. Ẹ má jẹ́ ká máa bú ẹni tó gbà á.

Tísà_Akẹ̀sán
Ẹnikẹ́ni ò bú yín mà. Ẹ̀yin mọ ọjọ́ tí owó máa wọlé, owó yẹn sì ju gbèsè lọ. Èmi ò mọ̀ ọ́n, mo kàn ń retí ni.

Alájọ_Wázò
Òótọ́ nìyẹn. Télọ̀, kí n bi ẹ́ ní nǹkan méjì. Tó o bá yọ owó oúnjẹ, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó òwú, èló ló ń kù sí ẹ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kan? Aṣọ 14 yẹn, èló ni owó iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni wọ́n sì máa san án?

Télọ̀_Takie
Lọ́sẹ̀ tó dáa, nǹkan bíi 11,000. Aṣọ ẹbí yẹn, 5,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíì á san tó bá wá gbé e, ẹlòmíì á ní kí òun kọ́kọ́ ti òde dé.

Alájọ_Wázò
Ó dáa, ẹ bá mi wò ó. 11,000 lọ́nà méjì, 22,000. Áàpù fẹ́ gba 57,000 lọ́jọ́ kẹrìnlá. Gbogbo ẹ̀ ti wá dúró lórí aṣọ ẹbí yẹn. 70,000 ni owó iṣẹ́ wọn lápapọ̀, òótọ́ ni pé ó ju 57,000 lọ, àmọ́ ọjọ́ kẹrìnlá á pé kí àwọn tó ní àwọn fẹ́ ti òde dé yẹn tó san. Lọ́jọ́ náà lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè tí bàbá sọ. Tí gbogbo wọn bá tiẹ̀ san, 14,500, owó iṣẹ́ aṣọ mẹ́ta ni, o fẹ́ rán aṣọ mẹ́ta fún áàpù lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tí mo bá jẹ́ ìwọ, owó tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yẹn ni màá kọ́kọ́ lọ bá. Pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, sọ òótọ́ fún wọn pé ẹ̀rọ bàjẹ́, kí wọ́n san ìdajì sílẹ̀ kí aṣọ lè pé. Owó iṣẹ́ tìẹ ni, kì í ṣe pé ò ń tọrọ. Èkejì, ṣé o ń dá àjọ?

Télọ̀_Takie
Mo ń dá 600 lójúmọ́ lọ́dọ̀ màmá kan lọ́jà. Àmọ́ ọjọ́ 12 péré ni mo tíì dá, oṣù ò tíì parí.

Alájọ_Wázò
7,200 nìyẹn. Tí màmá yẹn bá mọ̀ ẹ́, tí o kì í sì í já ọjọ́, lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ti oṣù yìí fún ẹ tán, kó o máa dá èyí tó kù lọ. Àwa alájọ máa ń ṣe é fún ẹni tá a fọkàn tán. Ọjọ́ 31, ọjọ́ kan ni tirẹ̀, 600, tó bá sì jẹ́ bó o ṣe máa ń san án tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kò sí nǹkan tó lé lórí ẹ̀. 18,000, owó ọjọ́ 30, lo máa gbà. Kí ẹlòmíì tó ń kà á má lọ fi owó sọ́wọ́ alájọ tí kò mọ ilé ẹ̀ o, àwọn kan ti kó owó ọjà sá lọ rí, ẹ gba káàdì, ẹ rí i pé ó ń fàmì sí i lójúmọ́.

Lọ́yà_Ọ̀yọ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Mo ń ka ọ̀rọ̀ tísà, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un fún àwọn tí ọ̀rọ̀ ti kọjá "ṣé kí n gbà á" lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀ka ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, FCCPC, ti ní láti 2022 pé kí àwọn tó ń yáni lówó lórí áàpù wá forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì tún ṣe òfin tuntun ní oṣù keje 2025. Òfin yẹn ò gbà kí wọ́n wọ inú nọ́ńbà àwọn èèyàn yín lórí fóònù, kò gbà kí wọ́n fi owó tẹ́ ẹ ò tọrọ sínú ákáǹtì yín, owó ìtanràn ẹ̀ sì lè tó 100 mílíọ̀nù náírà tàbí 1% nínú owó tó wọlé fún ilé iṣẹ́ náà lọ́dún. Orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí wà lórí wẹ́ẹ̀bù FCCPC, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó fi BVN yín síbì kan. Òfin ààbò dátà 2023 náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti ń fi fọ́tò yín ránṣẹ́ kiri, ẹ má pa àwọn mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn rẹ́ o, bó ti wù kó dùn yín tó, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù, ẹ tọ́jú nọ́ńbà tí wọ́n fi pè, òun lẹ máa fi fẹjọ́ sùn.

Tí wọ́n bá ní ọlọ́pàá ń bọ̀, Òfin Ọlọ́pàá 2020, abala 32 (2), sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ àdéhùn tó yẹ̀ nìkan mú èèyàn. Kóòtù ni wọ́n lè gbé gbèsè lọ. Àmọ́ gbèsè ṣì ni gbèsè, ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ báńkì ó ti tán. Láti oṣù kẹjọ 2020 ni CBN ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní GSI, téèyàn bá jẹ báńkì tó wà nínú ẹ̀ lówó tí ọjọ́ ti kọjá, wọ́n lè fa owó wọn jáde nínú ákáǹtì ẹ̀ ní báńkì míì, BVN ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìyá_Ìbejì
Lọ́yà, ẹ ṣeun. Mi ò mọ̀ pé àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí wà lọ́tọ̀. Mo kàn tẹ èyí tó kọ́kọ́ jáde ni lóru ọjọ́ yẹn.

Àlájà_Masífà
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ mọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ jẹ ribà, ìyẹn èlé orí owó, a ò sì gbọ́dọ̀ san án. Ní mọ́sálásí tiwa, àwa obìnrin ń dá owó jọ lóṣooṣù, ẹni tí nǹkan bá dé bá á yá a, iye tó yá náà ló máa dá padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí ládùúgbò yín, ẹni mẹ́wàá tó.

Ọmọ_UnderG
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí sí i fún àwọn òbí: ẹ bi àwọn ọmọ yín tó wà ní LAUTECH bóyá wọ́n ń gba lóònù áàpù torí owó ilé ìwé, àwọn tá a jọ ń gbé pọ̀ tó ń ṣe é, wọn ò sì ní sọ fún yín. Lóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2024, NELFUND, kò ní èlé rárá, ọ̀dọ̀ ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ilé ìwé sí tààrà, èèyàn ò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà àfi ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ti sin ilẹ̀ baba ẹ̀ tán. Ó lè pẹ́ kó tó wọlé, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè forúkọ sílẹ̀.

Télọ̀_Takie
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dákẹ́ látàná. Mo ti pa áàpù yẹn rẹ́. Kó tó di pé mo pa á rẹ́ mo lọ sínú sẹ́tínì, mo gba nọ́ńbà àwọn èèyàn mi kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọ UnderG ló júwe ẹ̀ fún mi.

Ojú kọ́kọ́ ń tì mí láti pe àwọn oníbàárà. Mo jókòó ti fóònù tó wákàtí kan. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè, ọkọ ìyàwó tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó náà gan-an ni, ó ní "Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè sọ", ó fi 2,500 ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí gúrúùpù àwọn ẹlẹ́bí. Ẹni 11 ló ti san ìdajì, 27,500. Àwọn mẹ́ta tó kù, ọ̀kan ní òun á rí mi lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn méjì ò gbé fóònù. Màmá alájọ wo káàdì mi láti orí dé ìsàlẹ̀, ó ní mi ò já ọjọ́ rí láti ọdún méjì, ó ka 18,000 fún mi sínú ọ̀rá dúdú. Pẹ̀lú 2,000 tó wà lọ́wọ́ mi, 47,500. Mo fún alátùn-únṣe ní 45,000, mo fi 2,500 ra epo jẹnẹrétọ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yìí ló so mọ́tò náà tán, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lórí àkísà kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo ti wíìpù aṣọ méjì. Màmá alájọ ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, mo ti ya 600 ẹ̀ sọ́tọ̀.

Bàbá_Arówómọlẹ̀
Ẹ̀rọ á pẹ́ o, ọmọ mi. Ta ló ń rán agbádá ní ṣọ́ọ̀bù yín? Mo ní aṣọ kan nílẹ̀. Màá san ìdajì sílẹ̀.